Kurt Lewin àti Ìmọ̀ Nípa Yíyí Ọkàn Padà

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹsàn-án ọdún 1890 ni a bí Kurt Lewin ní ìlú Mogilno. Ilẹ̀ Pọ́láńdì ni ìlú náà wà lónìí, ṣùgbọ́n Jámánì ni ó ń ṣàkóso rẹ̀ nígbà náà. Ọmọ Júù ni. Ní 1905 ìdílé rẹ̀ kó lọ sí Berlin. Ó jagun fún Jámánì nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, ó sì fara gbọgbẹ́. Lẹ́yìn ogun, ó di olùkọ́ ní Yunifásítì Berlin, níbi tí ó ti ń kọ́ni ní ìmọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá.

Ní 1933 Hitler gba ìjọba. Lewin rí i pé kò sí àyè fún Júù mọ́ ní ilẹ̀ tí òun ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún, ó sì kó aya àti ọmọ lọ sí Amẹ́ríkà. Ìyá rẹ̀ kò bọ́. Lewin sa gbogbo ipá rẹ̀ láti gbà á wá, ṣùgbọ́n pàbó ni ó já sí. Àwọn Násì pa á nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí ìbéèrè nípa ohun tí ń yí ọkàn ènìyàn padà ti wọ ilé ọkùnrin yìí.

Láti 1935 ni ó ti ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Iowa. Nígbà tí ogun mú kí ẹran wọ́n, ìjọba fẹ́ kí àwọn ìyàwó ilé máa se ọkàn màlúù àti kíndìnrín. Àwa tí a kì í fi ẹ̀dọ̀ àti ṣàkì ṣeré lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ohun ìríra ni irú ẹran bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Lewin lo ọ̀wọ́ mẹ́fà àwọn obìnrin Red Cross. Mẹ́ta jókòó gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nípa ogun, ìlera àti bí a ti ń se ẹran náà. Mẹ́ta yòókù ni a ní kí wọn jíròrò láàárín ara wọn. Wọ́n ṣàròyé nípa òórùn rẹ̀ lórí iná àti nípa ọkọ tí yóò kọ oúnjẹ. Níkẹyìn, a ní kí ẹni tí yóò dán an wò láàárín ọ̀sẹ̀ kan nawọ́ sókè. Nígbà tí a wádìí, 3 péré nínú 100 àwọn tí ó gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni ó se irú ẹran tí wọn kò sè rí. Nínú àwọn tí ó jíròrò, 32 nínú 100 ni.

Lewin ṣàlàyé pé ìwà ènìyàn dà bí omi dídì. A ní láti kọ́kọ́ yọ́ ọ, kí a darí rẹ̀ síbòmíràn, kí a sì jẹ́ kí ó tún dì síbẹ̀. Àṣà ẹgbẹ́ ni ó ń di ènìyàn mú: ẹni tí ó bá dá yà kúrò, ẹgbẹ́ yóò fà á padà. Ọ̀rọ̀ ẹnu olùkọ́ nìkan kì í sábà yọ́ yìnyín yìí, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ẹni tí ó ti pẹ́ níwájú pátákó ìkọ̀wé ti mọ̀.

Àrùn ọkàn pa Lewin ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kejì ọdún 1947, ní ẹni ọdún 56. Ní 1955 Edith Bennett fi ìwádìí mìíràn hàn pé agbára náà kò sí nínú ìjíròrò fúnra rẹ̀. Inú ìpinnu tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe, àti mímọ̀ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀, ni ó wà. Leon Festinger, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Lewin ní Iowa, tẹ ìwé tirẹ̀ jáde ní 1957 nípa ara tí kì í rọ ènìyàn nígbà tí ìṣe rẹ̀ bá tako èrò rẹ̀.