Kijiro Nambu: Ṣé ìbọn kan ṣoṣo tó láti ba orúkọ èèyàn jẹ́?

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbá géèmù ogun lórí fóònù, bóyá ẹ ti yin ìbọn Nambu rí, ẹ ò kàn mọ̀ pé orúkọ èèyàn ni.

Ìlú Saga ní Japan ni wọ́n ti bí Kijiro Nambu lọ́dún 1869, nínú ìdílé jagunjagun samurai. Ó wọṣẹ́ sójà. Lọ́dún 1897, ó dé ilé iṣẹ́ ìbọn ìjọba ní Tokyo, nígbà tó sì di 1902, ìbọn ìléwọ́ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ti jáde. Ó di ọ̀gágun, ó fẹ̀yìn tì lọ́dún 1924, ó sì dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1927.

Ibo wá ni wàhálà wà? Type 14 dé lọ́dún 1925. Sípíríìngì rẹ̀ ò lágbára tó, wọ́n sì ń fi irin ṣóńṣó tó ń lu ọta sínú àpò ìbọn, kí sójà ní àrọ́pò. Type 94 tó tẹ̀ lé e ló wá ba nǹkan jẹ́. Irin kan hàn síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì rẹ̀. Bí wọ́n bá ti kì í, tí wọ́n sì tú ìdènà rẹ̀, ẹni tó bá tẹ irin yẹn lè yìn ín láì fọwọ́ kan ibi tí wọ́n ń fà. Àwọn sójà Amẹ́ríkà sọ ọ́ ní ìbọn apara-ẹni. Nígbà tí ogun fi máa parí lọ́dún 1945, irin ti wọ́n, iṣẹ́ sì ti di wọ́dùwọ́dù.

Ó dáa. Àwa tá a ka ìwé òfin mọ̀ pé agbọ́ẹjọ́ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Bill Ruger ní Amẹ́ríkà ra Nambu lọ́wọ́ sójà kan tó ti ogun bọ̀, ó tú u wò, ó sì mú nínú ọgbọ́n rẹ̀ ṣe ìbọn ìléwọ́ àkọ́kọ́ ilé iṣẹ́ rẹ̀. Ọdún 1949 nìyẹn jáde, ọdún yẹn náà ni Nambu kú, lẹ́ni ọdún 79. Lẹ́yìn náà, àwọn ọlọ́pàá Japan gbé ìbọn tí wọ́n pè ní New Nambu.

Ṣé mo dá a láre ni? Rárá o. Irin tó hàn síta yẹn kì í ṣe ẹ̀bi ogun. Bí wọ́n ṣe yà á nìyẹn, ẹni tó gbé e dání ni yóò sì jìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi Type 94 pa gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ rẹ́. Nígbà míì tí ẹ bá fẹ́ torí àṣìṣe kan sọ èèyàn lókùúta lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ka ẹ̀bi rẹ̀, ẹ sì ka iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú.