Asameni: Ọkùnrin tó fi ọgbọ́n gba ilé odi òyìnbó l'Accra, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò sì padà títí dòní

Ilé odi funfun kan wà létí òkun ní Osu, nílùú Accra, tí àwọn ará Denmark sọ ní Christiansborg. Ó ti lé ní 300 ọdún tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀. Akwamufie ló wà, nítòsí odò Volta, lára àwọn ohun ìní ìtẹ́ ọba Akwamu. Asameni ni ọkùnrin tó gbà á.

Ta ni Asameni?

Ọmọ Akwamu ni. Láyé rẹ̀, Akwamu ti ṣẹ́gun àwọn Ga tó ni Accra láàárín 1677 sí 1681. Ọwọ́ wọn ni ọ̀nà tí wúrà àti ẹrú ń gbà dé etí òkun wà.

Ìtàn sọ pé alásè ni Asameni kọ́kọ́ jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, kó tó di alárinà òwò. Ó mọ inú ilé odi náà bí ẹni mowó.

Ọjọ́ tí oníbàárà di jagunjagun

Ní 1693, àìsàn ti dín àwọn ọmọ ogun Denmark kù. Asameni kó nǹkan bíi 80 ọkùnrin wọlé, ó ní ìbọn ni wọ́n fẹ́ rà. Ẹnikẹ́ni kò fura, torí iṣẹ́ rẹ̀ náà nìyẹn.

Wọ́n kó ìbọn fún wọn kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ọta ti wà nínú aṣọ wọn. Wọ́n kì í bọ ìbọn, wọ́n sì kọjú rẹ̀ sí àwọn tó ń tà á. Gómìnà fara gbọgbẹ́, ó sá lọ sí ilé odi àwọn ará Netherlands tó wà nítòsí.

Asameni di gómìnà

Fún nǹkan bí ọdún kan, Asameni ló ń pàṣẹ níbẹ̀. Ó wọ aṣọ gómìnà, ó ta àsíá tirẹ̀, ó ń yin àgbá kí àwọn àlejò, ó sì ń bá ọkọ̀ orílẹ̀-èdè yòówù ṣòwò. Thomas Phillips, ọ̀gá ọkọ̀ ẹrú Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Hannibal, wà lára àwọn tó gbà lálejò ní 1694.

Lọ́dún yẹn kan náà ni Denmark wá bẹ̀bẹ̀. Wọ́n san wúrà tó tó máàkì 50, nǹkan bíi kílò 12, kí wọ́n tó gba ilé wọn padà. Ṣùgbọ́n wọn kò rí kọ́kọ́rọ́ gbà.

Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀

Àwọn kan ń pe Asameni ní akọni. Síbẹ̀, òwò ẹrú wà lára ohun tó sọ Akwamu di alágbára, òwò náà ló sì padà wá bá wọn. Nígbà tí ìjọba wọn ṣubú ní 1730, wọ́n ta ọ̀pọ̀ ọmọ Akwamu sí erékùṣù St. John tó wà lábẹ́ Denmark. Níbẹ̀ ni wọ́n ti dìtẹ̀ ní 1733, tí wọ́n sì di erékùṣù náà mú fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àwọn tó ṣẹ́ kù nílé sọdá odò Volta.

Denmark ta ilé odi náà fún Gẹ̀ẹ́sì ní 1850. Nígbà tó yá, ó di ibùjókòó ìjọba Ghana fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ilé náà ti pààrọ̀ ọwọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, àmọ́ kọ́kọ́rọ́ tí Asameni gbà kò kúrò lọ́wọ́ Akwamu.