Àjàyí Crowther: Ọmọ Tó Rí Ìyá Rẹ̀ Lẹ́yìn Ọdún Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Nínú gbogbo ohun tó ń dun ọmọ Yorùbá tó ń kàwé lókèèrè bíi tiwa, èyí tó le jù ni kí ìròyìn ọ̀fọ̀ bá ènìyàn níhìn-ín, kí ọ̀nà ilé sì jìn. Ó ti ṣẹlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ yìí. A ti jókòó ti ẹni tí wọ́n ti sin bàbá rẹ̀ kó tó gbọ́, a kò sì mọ ohun tí à bá sọ ju pẹ̀lẹ́ lọ. Ìdí nìyí tí a fi mú ìtàn ẹni tó mọ irú ìbànújẹ́ bẹ́ẹ̀ wá: Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther.

Ọmọ tó bá dojú bolẹ̀ wá sáyé là ń pè ní Àjàyí. Ní nǹkan bí ọdún 1807 ni wọ́n bí i sí Òṣogùn, nílẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́. Àfàlà ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ní ọdún 1821, nígbà tó tó bí ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ogun wọ ìlú wọn lówùúrọ̀ ọjọ́ kan. Ọmọ Yorùbá wà nínú àwọn tó gbé ogun náà wá. Àwa tìkara wa la ń kó ara wa lẹ́rú láyé ìgbà náà. Bàbá rẹ̀ sáré wá kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n sá, ó sì padà sójú ìjà. Àjàyí kò tún fojú kàn án mọ́. Wọ́n mú òun àti ìyá rẹ̀ pẹ̀lú àwọn arábìnrin rẹ̀ méjì, wọ́n fi okùn so wọ́n lọ́rùn.

Ní Ìsẹ́yìn, wọ́n fi Àjàyí pààrọ̀ ẹṣin. Ó tún bá ìyá rẹ̀ pàdé fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn èyí, ṣùgbọ́n wọ́n tún yà wọ́n nípá. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ìbànújẹ́ náà pọ̀ débi pé ọmọ náà gbìyànjú lóru láti fi ọ̀já fún ara rẹ̀ lọ́rùn, àmọ́ àyà rẹ̀ kò gbà á. A kò fi èyí pamọ́, kí ẹni tó bá ń ro irú rẹ̀ lónìí lè mọ̀ pé ẹni ńlá yìí ti dé bèbè ibẹ̀ rí, ó sì padà.

Láti Èkó ni wọ́n ti kó o sínú ọkọ̀ ẹrú àwọn Potogí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Myrmidon gbà wọ́n lójú òkun, ó sì kó wọn lọ sí Freetown ní Sàró. Ibẹ̀ ni Àjàyí ti kọ́ ìwé, tó sì gbọ́ ìyìn rere. Ó ṣe ìrìbọmi ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825, ó sì di Samuel Crowther. Ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Fourah Bay ní 1827. Asano, tí wọ́n sọ ní Susan, ọmọbìnrin tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú bíi tirẹ̀, ló fi ṣe aya.

Ìgbàgbọ́ kò dá bàbá rẹ̀ padà, kò sì mú kó gbàgbé ìyá rẹ̀. Nígbà tó kọ ìtàn ara rẹ̀ ní ọdún 1837, kò pe ogun Òṣogùn ní ohun rere. Ó kàn rí i pé Ọlọ́run kò fi òun sílẹ̀ lójú ọ̀nà tó gba inú òkùnkùn náà kọjá.

Wọ́n fi í joyè àlùfáà ní London ní 1843. Nígbà tó di 1846, ó dé Abẹ́òkúta pẹ̀lú àwọn míṣọ́nnárì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún náà, Àfàlà wá bá a. Ìyá àti ọmọ di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, kò sí ẹni tó lè sọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti kọjá! Ní 1848, ìyá náà ṣe ìrìbọmi, ó sì gba orúkọ Hánà. Ẹni tó bá mọ Bíbélì yóò rántí pé Hánà ni ìyá Sámúẹ́lì.

Ohun tó tu Àjàyí nínú, kò fi mọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ó fẹ́ kí ẹni tó ń sunkún lédè Yorùbá gbọ́ ìtùnú lédè Yorùbá. Ó ṣe ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá ní 1843, ó tún túmọ̀ Ìwé Róòmù jáde ní 1850. Òun náà ló sì ṣe aṣíwájú nínú ìtumọ̀ Bíbélì Yorùbá. Ó gun Odò Ọya dé Gbẹ̀bẹ̀ àti Lọ́kọ́ja, láàrin àwọn tí kì í sọ èdè rẹ̀. Àwa tí a dàgbà lẹ́yìn odi ilẹ̀ Yorùbá mọ bí ìyẹn ṣe rí. Ní 1864, ó di Bíṣọ́ọ̀bù, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó jẹ oyè náà nínú ìjọ Áńgílíkà.

Ọ̀fọ̀ tún padà wá. Aya rẹ̀ kú ní 1880, ìyá rẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní 1883. Lọ́jọ́ ogbó rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì Òyìnbó fojú tẹ́ńbẹ́lú iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì lé púpọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀ kò fi ìgbàgbọ́ sílẹ̀ títí ó fi sùn ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1891.

Onígbàgbọ́ wà nínú ẹgbẹ́ wa, Mùsùlùmí sì wà. Ohun tí gbogbo wa lè rí kọ́ ni pé ìrètí kì í dí ẹkún lọ́wọ́. Ohun tó ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí ẹkún jẹ́ òpin ọ̀rọ̀. Bí ọ̀fọ̀ bá tún ṣẹ ẹnikẹ́ni láàrin wa, ẹ jẹ́ kí a lọ jókòó tì í. Bí a kò bá tilẹ̀ rí ọ̀rọ̀ sọ, Àfàlà àti ọmọ rẹ̀ náà kò rí sọ. Olúwa yóò tu gbogbo ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ nínú.