Athanasius ti Alexandria, Ẹni Tí Ó Dúró Lórí Pé Ọlọ́run Fúnra Rẹ̀ Ni Ó Wá

Ní ilẹ̀ Íjíbítì, níbi tí odò Náílì ti ń wọ inú òkun, ìlú ńlá kan wà tí a ń pè ní Alexandria. Ní ayé àtijọ́, ọkọ̀ ojú omi kì í dá ní èbúté ìlú náà. Ilé gogoro kan wà níbẹ̀ tí iná orí rẹ̀ ń tọ́ àwọn atukọ̀ sọ́nà lóru, àlìkámà tí wọ́n sì kórè ní Íjíbítì ni wọ́n ń kó láti ibẹ̀ lọ bọ́ àwọn ìlú ńláńlá inú ìjọba Róòmù. Ìlú yìí ni Athanasius gbé dàgbà. Ní nǹkan bí ọdún 298 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa ni a bí i. Ọmọ Áfíríkà ni. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ wa fi èyí sọ́kàn, nítorí àwọn kan nínú kíláàsì mi rò pé ilẹ̀ òyìnbó ni gbogbo ohun tí a ń kà nínú Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ ti wá.

Ọmọ kékeré ni ó wà ní ọdún 303, nígbà tí Diocletian ọba Róòmù pàṣẹ pé kí a wó àwọn ilé ìjọsìn, kí a sì dáná sun Ìwé Mímọ́. Ọ̀pọ̀ Kristẹni ni wọ́n pa ní Íjíbítì. Peter, bíṣọ́ọ̀bù Alexandria, wà lára wọn. Ọmọ tí ó dàgbà nínú irú ìgbà bẹ́ẹ̀ kò lè fi ọ̀ràn ìgbàgbọ́ ṣeré.

Síbẹ̀, eré ni àwọn òpìtàn àtijọ́ fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀. Wọ́n ní bíṣọ́ọ̀bù Alexander rí àwọn ọmọdé kan létí òkun tí wọ́n ń ṣe bí ẹni pé wọ́n wà nínú ìjọ, tí wọ́n ń ri ara wọn bọmi. Ó pè wọ́n, ó sì bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe. Ọmọ tí wọ́n fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù nínú eré náà ni Athanasius. Alexander mú un sọ́dọ̀, ó kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́, ó sì sọ ọ́ di akọ̀wé àti díákónì rẹ̀.

Ní àkókò yìí ni ìjà ńlá kan bẹ́ sílẹ̀ nínú ìjọ. Àlùfáà kan wà ní Alexandria tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Arius. Àgbàlagbà ni, ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀, àwọn ènìyàn sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ohun tí ó ń kọ́ni ni pé Ọmọ Ọlọ́run ga ju gbogbo ẹ̀dá lọ, ṣùgbọ́n pé ẹ̀dá ni òun náà, tí Baba dá ṣáájú ohun gbogbo. Ó fi ẹ̀kọ́ náà sínú orin, àwọn atukọ̀ àti àwọn tí ń lọ ọkà sì ń kọ ọ́ kiri.

Kí ni ó burú nínú èyí? Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí ẹ mọ̀ ṣàlàyé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ní ìyá àgbà ní ilé, ní Nàìjíríà. Ìyá àgbà ń pè yín lórí fóònù, ẹ sì ń rí ojú rẹ̀. Bí ẹnìkan bá ń bọ̀ láti ilé, yóò fi èlùbọ́ àti aṣọ rán an sí yín. Gbogbo rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ìyá àgbà fúnra rẹ̀ bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú, tí ó gbá yín mọ́ra, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki yín ní oríkì, ẹ mọ̀ pé ohun mìíràn ni èyí. Ìbéèrè tí ó wà láàárín Arius àti Athanasius kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, ṣé ìránṣẹ́ ni Ọlọ́run rán sí wa, àbí òun fúnra rẹ̀ ni ó gbé àwọ̀ ènìyàn wọ̀ tí ó wá? Bí ó bá jẹ́ ìránṣẹ́ ni, bí ó ti wù kí ìránṣẹ́ náà tóbi tó, Ọlọ́run ṣì wà ní òkèèrè réré, ẹ̀dá ni ó sì ń gbìyànjú láti gba ẹ̀dá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ikú.

Athanasius kọ ìwé kékeré kan lórí ọ̀ràn yìí, lórí bí Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ṣe di ènìyàn. Ẹni tí ó bá rò pé ìwé àwọn àgbà ìjọ àtijọ́ le koko yóò yà á lẹ́nu bí ó bá kà á, nítorí àkàwé ni ó kún inú rẹ̀. Ó ní ọ̀ràn wa dà bí àwòrán ẹnìkan tí a yà sórí pákó, tí ìdọ̀tí sì ti bò mọ́lẹ̀. A kò ní sọ pákó náà nù. Ẹni tí ó ni àwòrán ni yóò tún wá jókòó níwájú ayàwòrán, kí a lè tún un yà sórí pákó kan náà. Ní àwòrán Ọlọ́run ni a dá wa. Nígbà tí àwòrán náà bàjẹ́, Ẹni tí ó ni àwòrán ni ó wá. Ó tún ní ó dà bí ìgbà tí ọba ńlá kan wọ ìlú, tí ó sì sọ̀ sí ilé kan ṣoṣo. Ilé kan ni ó gbé, ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ni ó gbayì, àwọn ọlọ́ṣà kò sì jẹ́ kọlù ú mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni Ọmọ Ọlọ́run ṣe gbé inú ara kan láàárín wa, tí ikú kò sì rí wa gbé ṣe bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ọ̀kan nínú yín bi mí ní ọdún tí ó kọjá pé nígbà tí Jésù wà ní ọmọ ọwọ́, ta ni ń bójú tó ayé. Athanasius ti dáhùn rẹ̀. Ó ní ara náà kò sé Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run mọ́. Bí ó ti wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń di ohun gbogbo mú. Sí àwọn tí ó wí pé kò yẹ kí Ọlọ́run fi ara kan ẹran ara, ó tọ́ka sí oòrùn: ó ń tàn sí ohun gbogbo lórí ilẹ̀, ìdọ̀tí kankan kì í sì í ràn án. Ẹ wo bí ó ti ń tàn sórí ààtàn.

Ní ọdún 325, Constantine ọba Róòmù pe àwọn bíṣọ́ọ̀bù jọ sí ìlú Nicaea. Nǹkan bí 300 nínú wọn ni ó péjọ. Athanasius bá ọ̀gá rẹ̀ lọ. Díákónì ni, kò ní ìbò. Ìpàdé náà fi ọ̀rọ̀ èdè Gíríìkì kan sínú Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́, homoousios, tí ó túmọ̀ sí pé ohun tí Baba jẹ́ gan-an ni Ọmọ jẹ́. Ní ọgbọ̀n ọdún àti díẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn kan mú homoiousios wá dípò rẹ̀, tí ó túmọ̀ sí pé Ọmọ jọ Baba. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó fi yàtọ̀, àwọn ènìyàn sì ti fi ìjà lórí lẹ́tà kan ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé kí ni àmì ohùn wà fún kò ní bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí ẹ ti mọ̀ pé igba kì í ṣe igbá, igbá kì í sì í ṣe ìgbà. Ohun tí ó jọ wúrà kì í ṣe wúrà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Athanasius rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń lo ọ̀rọ̀ kejì yìí gba ohun tí òun náà gbà nínú ọkàn wọn, ó pè wọ́n ní ará nínú ìwé tí ó kọ ní ọdún 359. Mo fẹ́ràn èyí nínú rẹ̀ ju líle rẹ̀ lọ, nítorí ó le: kì í fi ọ̀rọ̀ rọra sọ sí ọ̀tá, àwọn kan sì kérora pé àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ fìyà jẹ àwọn.

Alexander kú ní ọdún 328, Athanasius sì di bíṣọ́ọ̀bù ní ẹni nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Láti ìgbà náà ni wàhálà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ sọ pé ó pa bíṣọ́ọ̀bù kan tí ń jẹ́ Arsenius, pé ó sì gé ọwọ́ rẹ̀ láti fi ṣe oògùn. Wọ́n tilẹ̀ ń gbé ọwọ́ kan kiri fún ẹ̀rí. Arsenius kò kú. Ṣe ni ó fara pamọ́, wọ́n sì rí i ní ìlú Tírè. Ìtàn sọ pé nígbà ìgbẹ́jọ́ ní ọdún 335, Athanasius mú ọkùnrin kan tí ó fi aṣọ bora wọlé. Ó ká aṣọ náà ní ẹ̀gbẹ́ kan, ọwọ́ kan yọ. Ó ká a ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ọwọ́ kejì yọ. Ó wá bi àwọn adájọ́ pé níbo ni wọ́n ti gé ẹ̀kẹta. Wọ́n dá a lẹ́bi síbẹ̀síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún fẹ̀sùn kàn án lọ́dọ̀ Constantine pé ó fẹ́ dá àwọn ọkọ̀ àlìkámà dúró, ọba lé e lọ sí Trier, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Jámánì lónìí.

Ìgbà 5 ni wọ́n lé e kúrò ní ìlú rẹ̀, lábẹ́ ọba 4, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí ọdún 17. Ní òru kan nínú oṣù kejì ọdún 356, àwọn ọmọ ogun yí ilé ìjọsìn ká nígbà tí ìjọ wà nínú ìṣọ́ òru. Athanasius kò dìde lórí àga rẹ̀. Ó ní kí díákónì ka Sáàmù 136, èyí tí ìjọ ń dáhùn ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan rẹ̀ pẹ̀lú ègbè kan náà, lẹ́yìn rẹ̀ kí olúkúlùkù máa lọ sí ilé. Àwọn ọmọ ogun já wọlé. Ó kọ̀ láti jáde títí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi kúrò níbẹ̀; nígbà náà ni àwọn àlùfáà àti àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ aṣálẹ̀ fà á jáde láàárín èrò. Ọdún 6 ni ó fi wà ní aṣálẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ wọ̀nyí, tí wọ́n ń gbé e pamọ́ láti ibì kan dé ibòmíràn, tí òun náà sì ń kọ̀wé.

Nígbà tí Julian jọba, wọ́n tún lé e. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi lórí odò Náílì, àwọn ẹ̀ṣọ́ sì ń lé e bọ̀. Ó ní kí wọ́n yí ọkọ̀ padà kí wọ́n lọ pàdé wọn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ béèrè bóyá wọ́n rí Athanasius. Wọ́n dá wọn lóhùn pé kò jìnnà mọ́, kí wọ́n tètè máa lọ. Wọ́n wa ọkọ̀ kọjá lọ pẹ̀lú agbára, òun sì padà sí Alexandria.

Ẹ má rò pé sísá ni gbogbo ayé rẹ̀. Òun ni ó fi Frumentius jẹ bíṣọ́ọ̀bù tí ó sì rán an lọ sí Etiópíà. Lọ́dọọdún ni ó ń kọ lẹ́tà sí àwọn ìjọ Íjíbítì láti sọ ọjọ́ tí Àjíǹde yóò bọ́ sí, nínú lẹ́tà ti ọdún 367 ni ó sì to orúkọ ìwé 27 inú Májẹ̀mú Tuntun lẹ́sẹẹsẹ, àwọn ìwé kan náà tí ẹ ń kọ́ sórí lónìí.

Ní ọjọ́ 2 oṣù karùn-ún ọdún 373, ó kú sí ìlú rẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀, lẹ́yìn tí ó ti ṣe bíṣọ́ọ̀bù fún ọdún 45. Kò rí òpin ìjà náà. Ọdún 8 lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn bíṣọ́ọ̀bù péjọ sí Constantinople, wọ́n sì fi ìdí ọ̀rọ̀ Nicaea múlẹ̀. Ìjẹ́wọ́ tí a ń pè mọ́ ìpàdé yẹn ni èyí tí kíláàsì àwọn ọmọ ńlá yóò kà lórí ní àjọ̀dún yìí, tí wọ́n yóò sì sọ nínú rẹ̀ pé Ọmọ sọ̀kalẹ̀ wá, ó sì di ènìyàn.