Margaret Beaufort, Ìyá Ọba, Olóore Àwọn Olùkọ́ni

Nígbà tí ìjọ kan bá pé ọgọ́rùn-ún ọdún, ó tọ́ kí a dárúkọ àwọn tí wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀, àwọn tí wọ́n ra agogo, àti àwọn tí wọ́n ra dùùrù. Ṣùgbọ́n oore kan ń bẹ tí a kì í rí lára ògiri, èyí nì ni oore ẹni tí ó pèsè oúnjẹ òòjọ́ fún àwọn tí ń kọ́ni ní Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Nítorí náà ni a ṣe fi ìtàn obìnrin ọlọ́lá kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì síwájú ẹ̀yin ará, àti ẹ̀yin àlùfáà tí ẹ wá bá wa yọ̀. Ó ti sùn láti ọdún 1509, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ń bá a lọ títí di òní.

A bí Margaret Beaufort ní ọdún 1443 ní Bletsoe, nínú ìdílé tí ó bá ọba tan. Baba rẹ̀ kú kí ó tó pé ọmọ ọdún méjì, ó sì fi ilẹ̀ púpọ̀ sílẹ̀ fún un, àwọn àgbàlagbà sì bẹ̀rẹ̀ sí í du ọmọ náà bí a ti ń du ohun ìní. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tí a fi í fún Edmund Tudor ní aya ní ọdún 1455. Kí ọdún tí ó tẹ̀ lé e tó parí, àjàkálẹ̀ àrùn ti pa ọkọ náà. Ní oṣù Kìíní ọdún 1457, ní ilé olódi Pembroke, opó ọmọ ọdún mẹ́tàlá yìí bí ọmọkùnrin kan, a sì sọ orúkọ rẹ̀ ní Henry. Kò tún bí ọmọ mìíràn mọ́ ní ayé rẹ̀.

Ogun abẹ́lé dé bá ilẹ̀ náà. A gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó ṣì kéré, a sì fi í fún ẹlòmíràn tọ́. Ní ọdún 1471 Henry sá lọ sí Brittany, ọdún mẹ́rìnlá ni ìyá kò sì fi ojú kàn án. Ní ọdún 1484 a ka ọ̀tẹ̀ sí obìnrin náà lọ́rùn, a sì gba ilẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹjọ ọdún 1485 Henry ṣẹ́gun ní Bosworth, ó sì jọba. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí a ti gba gbogbo nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ di Ìyá Ọba, ó sì di ọlọ́rọ̀ gidigidi.

Kò fi ọrọ̀ náà ṣe fàájì. Ó ń jí ní kùtùkùtù gbàdúrà, ó sì ń bọ́ àwọn tálákà méjìlá nínú ilé rẹ̀. A kò gba obìnrin ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga nígbà náà. Ó gbọ́ èdè Faransé dáadáa, ó sì túmọ̀ ìwé ìsìn láti inú rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó mọ̀ nínú èdè Látìnì, ó sì máa ń kẹ́dùn nítorí rẹ̀.

Ó ti pinnu láti fi ẹ̀bùn ńlá fún ilé ìsìn Westminster, níbi tí àwọn mọ́ńkì ń gbé. Nígbà náà ni John Fisher, àlùfáà tí ń gbọ́ ìjẹ́wọ́ rẹ̀, fi hàn án pé Westminster ti ní ọrọ̀ tó, ṣùgbọ́n pé ebi ẹ̀kọ́ ń pa àwọn yunifásítì, àwọn àlùfáà tí ó lè wàásù kò sì pọ̀. Àwọn baba wa mọ òtítọ́ yìí pẹ̀lú: ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Kò rọrùn kí ọlọ́lá yí ìpinnu rẹ̀ padà nítorí ọ̀rọ̀ àlùfáà, ṣùgbọ́n Margaret gbọ́.

Ní ọdún 1502 ó dá ipò olùkọ́ni méjì sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run, ọ̀kan ní Oxford, èkejì ní Cambridge. Kì í ṣe owó tí a ó ná tán ni ó fi sílẹ̀. Ilẹ̀ ni ó fi lé àwọn mọ́ńkì Westminster lọ́wọ́, kí wọ́n lè máa ti inú ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀ san £13 6s. 8d. lọ́dọọdún fún olùkọ́ni kọ̀ọ̀kan. Olùkọ́ni náà kò gbọdọ̀ gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó wá gbọ́ ẹ̀kọ́. Fisher ni ó kọ́kọ́ jókòó ní ipò ti Cambridge. Erasmus, ọ̀mọ̀wé ńlá nì, kọ́ni níbẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọdún 1504 ó pèsè fún oníwàásù kan pẹ̀lú, ní ọdún 1505 ó sì dá Christ's College sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun kan. Òǹtẹ̀ ti wà lórí ìwé ẹ̀bùn àwọn olùkọ́ni kí Margaret tó kú. Ṣùgbọ́n àfikún ìwé ìhágún rẹ̀ nípa St John's College kò ní òǹtẹ̀ nígbà tí ó kú ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà, ọdún 1509, ọjọ́ márùn-ún péré lẹ́yìn tí a dé ọmọ-ọmọ rẹ̀, Henry Kẹjọ, ní adé. Làálàá púpọ̀ ni Fisher ṣe kí a tó lè dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1511, púpọ̀ nínú ilẹ̀ náà sì bọ́ sọ́wọ́ ọba. A bẹ́ Fisher lórí ní ọdún 1535. A tú àwọn mọ́ńkì Westminster ká ní ọdún 1540. Síbẹ̀ ipò àwọn olùkọ́ni náà kò parẹ́.

Oore yìí kàn wá ní ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú. Ní St John's ni Thomas Clarkson àti William Wilberforce ti kẹ́kọ̀ọ́, àwọn tí wọ́n bá òwò ẹrú jà títí òfin fi kà á léèwọ̀ ní ọdún 1807. Lẹ́yìn òfin yìí ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọmọ Òṣogùn kan nínú ọkọ̀ ẹrú ní ọdún 1822, ẹni tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ní ọdún 1864.

Ní ọdún 1976, obìnrin kan, Morna Hooker, jókòó ní ipò olùkọ́ni ti Cambridge fún ìgbà àkọ́kọ́. Ohun tí Margaret kò rí gbà fún ara rẹ̀ ni ó rà fún àwọn ẹlòmíràn.

Bí a ti ń dá owó fún òrùlé àti ilé agogo ní ọdún ayọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí a ya ti àwọn olùkọ́ni sọ́tọ̀ pẹ̀lú, kí a ṣe é nígbà tí ẹ̀mí wà, kí a sì fi òǹtẹ̀ sí i. Kí Olúwa Ìkórè fi ẹ̀mí oore bẹ́ẹ̀ fún wa. Àmín.