Charles Wheatstone: Ọkùnrin Tó Ti Mọ Àṣírí Awò VR Kí Wọ́n Tó Ṣe É

Gbogbo àwa tá à ń ṣe Físíìsì la mọ Wheatstone bridge. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ ni pé ọkùnrin yìí kan náà ló fi ìpìlẹ̀ awò VR lélẹ̀, ìyẹn awò ńlá tí wọ́n ń dè mọ́ ojú, téèyàn á fi dà bí ẹni tó wà níbòmíì.

Nítòsí ìlú Gloucester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 6 oṣù kejì, ọdún 1802. Ìdílé wọn ń ṣe ohun èlò orin, wọ́n sì ń tà á. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n mú un lọ kọ́ṣẹ́ náà lọ́dọ̀ arákùnrin bàbá rẹ̀ ní London, àmọ́ ìwé kíkà ló gbà á lọ́kàn ju ọjà títà lọ. Kò lọ yunifásítì, síbẹ̀ King's College ní London sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́dún 1834. Ojú máa ń tì í láti sọ̀rọ̀ níwájú èrò, débi pé Michael Faraday ló máa ń bá a ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀.

Lọ́dún 1838 ló kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Royal Society pé ohun tí ojú ọ̀tún rí kọ́ ni tòsì rí. Ẹ dán an wò: ẹ na ìka kan síwájú, ẹ di ojú kan, ẹ tún di ìkejì. Ṣé ẹ rí i pé ìka yẹn ń sún? Ọpọlọ ló ń da méjèèjì pọ̀ tá a fi ń mọ ohun tó sún mọ́ wa àtèyí tó jìnnà. Wheatstone ya àwòrán méjì, ó fi dígí méjì darí wọn, kí ojú kọ̀ọ̀kan rí tiẹ̀ nìkan. Bí àwòrán pẹlẹbẹ ṣe dìde nìyẹn! Ọwọ́ ló fi yà á o, ayé ò tíì mọ fọ́tò.

Olóòótọ́ ni pẹ̀lú. Ó sọ gbangba pé Samuel Hunter Christie ló kọ́kọ́ ṣe bridge tá à ń fi orúkọ òun pè. Lọ́dún 1868 ni wọ́n fi oyè Sir dá a lọ́lá. Ó kú ní Paris ní ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá, ọdún 1875.

Awò VR òde òní ò kúrò nínú ọgbọ́n rẹ̀: screen ló rọ́pò àwòrán, lẹ́ǹsì ló rọ́pò dígí. Ìdí nìyí tí mo fi ń bá àwa ọmọ Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun jiyàn, àwa tá à ń sọ pé èyí tó wọ́n jù la máa rà lọ́jọ́ tówó bá dé. Apple Vision Pro tó jáde lọ́dún 2024 bẹ̀rẹ̀ láti $3,499, síbẹ̀ èmi tí mò ń lo awò ojú ò lè wọ awò mi sínú rẹ̀. Àfi kí n tún ra lẹ́ǹsì lọ́tọ̀. Òmíràn wà tí ò ní ṣiṣẹ́ láìsí kọ̀ǹpútà alágbára, ẹ sì mọ bí iná ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Bí lẹ́ǹsì ò bá sì bọ́ sí iwájú ẹyinjú rẹ gan-an, àwòrán á ṣe bàìbàì, orí á máa fọ́ ẹ.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó béèrè pé èló ni, ẹ gbé rúlà, kí ọ̀rẹ́ yín bá yín wọn àárín ẹyinjú méjèèjì. Ti àgbàlagbà sábà máa ń tó nǹkan bíi mílímítà 63. Tìrẹ ńkọ́?