Thomas Birch Freeman: Bíbélì lọ́wọ́ kan, ìwé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ kejì

Ní Kpoulou àti gbogbo Adja-Ouèrè, Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa nílé-ìwé. Ó di ìgbà tí ọmọ bá wọ kọ́léèjì kó tó bá Gẹ̀ẹ́sì pàdé. Ṣùgbọ́n ẹnubodè Nàìjíríà kò jìnnà sí wa, ará ọjà sì mọ ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe. Nínú kíláàsì tí a ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di olùkọ́, ìbéèrè kan kì í tán: bí oníwàásù kan bá ní òun fẹ́ kọ́ ọmọ wa ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́fẹ̀ẹ́, ṣé ká gbà? Ẹ jẹ́ ká wo ọkùnrin kan tó ti rin ọ̀nà yìí kí Faransé tó gba ilẹ̀ wa.

Ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún 1809 ni wọ́n bí Thomas Birch Freeman ní Twyford, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Áfíríkà ni bàbá rẹ̀, òyìnbó ni ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ ọgbà ló ń ṣe fún olówó kan kó tó fi í sílẹ̀, tó di míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì. Ọjọ́ 3 oṣù Kìíní 1838 ló gúnlẹ̀ sí Cape Coast, ní Gánà òde òní. Oṣù méjì kò pé tí ìyàwó rẹ̀ fi kú. Ó fẹ́ òmíràn, ìyẹn náà kú ní 1841. Síbẹ̀, kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Ẹ wo ohun kan ná. Ní Cape Coast, ìwé ló ṣáájú míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì dé. Àwọn ọ̀dọ́ Fante tó ti kàwé ní ilé-ìwé inú odi àwọn òyìnbó ló kó ara wọn jọ, tí wọ́n ń ka Bíbélì lédè Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì ní kí wọ́n fi Bíbélì ránṣẹ́ sí àwọn sí i. Ọ̀kan nínú wọn, William de Graft, ló wá di igi lẹ́yìn ọgbà Freeman.

Ní oṣù Kẹsàn-án 1842, àwọn méjèèjì wọkọ̀ ojú omi wá sí Àgbádárìgì. Àwọn Sàró, ìyẹn àwọn ọmọ wa tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú, tí wọ́n sì ti Sierra Leone padà wálé, ló ń wá olùkọ́. De Graft dúró ti ìjọ àti ilé-ìwé níbẹ̀. Freeman lọ sí Abẹ́òkúta ní oṣù Kejìlá, Ṣódẹkẹ́ sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Ní 1843, ó gba Ouidah lọ sí Abomey, lọ́dọ̀ ọba Ghezo. Ibí lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀rẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni Ghezo ń wá. Freeman ní tirẹ̀ ń wá bí òwò ẹrú yóò ṣe dópin, tí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run yóò sì ráàyè. Ọba kò gba ẹ̀sìn náà, kò sì jáwọ́ nínú òwò ẹrú. Ilé-ìwé ló gbà: ó fa àwọn ọmọdé díẹ̀ lé Freeman lọ́wọ́ pé kó lọ kọ́ wọn. Ọdún yẹn ni ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ilẹ̀ Bénin ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Àwa ọmọ Nàgó kò lè gbàgbé pé Ghezo yìí kan náà ló gbógun lọ bá Abẹ́òkúta ní oṣù Kẹta 1851, tí wọ́n lé ogun rẹ̀ padà. Ní 1886, nígbà Glèlè ọmọ rẹ̀, ogun Dahomey fọ́ Kétu. Ilé-ìwé kò dá ogun dúró.

Freeman ní àléébù. Ó náwó ju ohun tí àwọn tó rán an níṣẹ́ lè gbà lọ, ìyẹn ló jẹ́ kó fiṣẹ́ sílẹ̀ ní 1857. Ó bá ìjọba ṣiṣẹ́ ní Accra, ó tún dáko, kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́ ìjọ ní 1873. Èyí tó dun àwa olùkọ́ jù ni pé ó lo ọ̀pọ̀ ọdún láàárín wa, kò sì gbọ́ èdè kankan níbí dáadáa. Ògbufọ̀ ló ń bá a sọ ọ́. Ó kú ní Accra lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹjọ 1890. Nígbà tó yá, Faransé gba ilẹ̀ náà, èdè ilé-ìwé sì yí padà.

Kí la rí kọ́? Freeman kò fi ìwé bo Bíbélì mọ́lẹ̀. Ṣódẹkẹ́ mọ ohun tó bá wá, Ghezo náà mọ̀, oníkálùkù sì mú èyí tó wù ú. Òfin ìpilẹ̀ 1990 sọ pé orílẹ̀-èdè wa kò gbé ẹ̀sìn kan lárugẹ ju òmíràn lọ. Nílé-ìwé ìjọba, Gẹ̀ẹ́sì ni kí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọmọ, ó tán. Ẹni tó bá fẹ́ wàásù, kó sọ ọ́ fún àwọn òbí lójú ọ̀sán gangan, kí wọ́n lè yàn. Kí òun náà sì jókòó ti àwọn ọmọ Kpoulou, kó kọ́ èdè wọn.